Ọjọ́ Tí Angel Di Ọmọlángidi: Bí Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ Ṣe Gbà Á ní Oṣù Kejì Ọdún 2004

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2004, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wọn ní Houston, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa. Àwo ìrẹsì wà lórí itan wọn, ó ti ń tutù. Wọ́n ti ki kásẹ́ẹ̀tì tuntun bọnú fídíò, wọ́n sì ti fi báírò kọ déètì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Ọjọ́rú. Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn ni ìròyìn jáde pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n The WB kò ní ṣe Angel mọ́ bí sáà karùn-ún bá ti parí. Ẹni tó bá ti ń bá eré náà bọ̀ láti ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 1999, tó mọ gbogbo wọn lórúkọ, tó mọ ẹni tó kú àti ẹni tó kú tó tún jí, á mọ irú alẹ́ tí alẹ́ yẹn jẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn lọ kí aláìsàn tí dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún.

Kí wákàtí kan tó pé, ẹ̀gbọ́n mi ti wà nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n di ikùn mú, omi ń dà lójú wọn. Ẹ̀rín ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ yẹn àti ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níbí. Apá kẹrìnlá nínú sáà karùn-ún ni, Smile Time ni wọ́n pè é. Ó ti lé lógún ọdún báyìí, síbẹ̀ mo ṣì máa ń pàdé àwọn tó ń pè é ní eré ọmọdé, wọ́n á ní wọ́n kàn fi dí àyè ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì fẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí Angel jẹ́, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Liam ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọmọ Galway ní ilẹ̀ Ireland. Lọ́dún 1753, obìnrin kan tó ń jẹ́ Darla sọ ọ́ di fáńpáyà, òkú tó ń rìn lóru tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló kọ́kọ́ pa. Ó fi ohun tó lé ní ogóje ọdún pa èèyàn káàkiri, títí di 1898 tí àwọn Roma ẹ̀yà Kalderash fi ṣẹ́ èpè fún un: wọ́n dá ọkàn èèyàn padà sí i lára, kó lè máa rántí gbogbo ẹni tó ti pa. Ìrántí yẹn ni ìyà rẹ̀. Los Angeles ló wá fìdí kalẹ̀ sí, tó ń gba àwọn tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dà láàmú sílẹ̀. David Boreanaz ló ṣe é: aṣọ dúdú, ojú kíkorò, ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lẹ́nu. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á bò ó mọ́lẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, á lọ dúró sínú òkùnkùn. Nígbà tó fi máa di sáà karùn-ún, ó ti gba ipò ọ̀gá ní Wolfram & Hart, iléeṣẹ́ amòfin àwọn ọ̀tá tó ti ń bá jà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èrò pé òun á lè fi agbára wọn ṣe rere. Ó wá jókòó sí ọ́fíìsì aláwòńlé, ó ń buwọ́ lu ìwé. Gbogbo àwa tó ń wò ó la rí i pé ọkùnrin náà ti ń gbẹ.

Ben Edlund ló kọ Smile Time tó sì darí rẹ̀. Òun àti Joss Whedon, ọ̀kan nínú àwọn tó dá eré Angel sílẹ̀, ni wọ́n jọ gbé ìtàn rẹ̀ kalẹ̀. Edlund yìí náà ló dá The Tick sílẹ̀, akọni apanilẹ́rìn-ín inú ìwé àwòrán, nítorí náà kì í ṣe ẹni tí à ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kékeré kan ń wo ètò ọmọdé láàárọ̀, àwọn ọmọlángidi aláwọ̀ mèremère ń kọrin, wọ́n ń jó. Lójijì, èyí tó ń jẹ́ Polo nínú wọn kọjú sí ọmọ náà gan-an, ó bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ wà nínú yàrá, ó ní kó wá gbé ọwọ́ lé tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e. Nǹkan fa ẹ̀mí rẹ̀ gba ojú gíláàsì wọlé, ó ṣubú lulẹ̀, ẹ̀rín sì gan mọ́ ọn lẹ́nu, eyín síta, ojú là sílẹ̀ láìrí nǹkan kan. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Wọ́n gbé àwo wọn sílẹ̀.

Fred ló ṣàkíyèsí pé irú àìsàn kan náà ti ń mú àwọn ọmọdé káàkiri ìlú. Fred, ìyẹn Winifred Burkle tí Amy Acker ṣe, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn, ọmọ ìpínlẹ̀ Texas sì ni. Nítorí Texas yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń pè é ní "ọmọ tiwa". Ìwádìí fi hàn pé ètò ọmọdé tó ń jẹ́ Smile Time ni gbogbo wọn ń wò nígbà tí nǹkan ṣe wọ́n. Angel gba ilé tí wọ́n ti ń ṣe ètò náà lọ lóun nìkan, ó rí ilẹ̀kùn kan tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí, ó ṣí i. Ẹyin ràgàjì kan ló wà nínú yàrá náà, ó ní ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹyin náà tú agbára jáde, ó sì gbé Angel ṣánlẹ̀.

Nígbà tó máa dìde, ó ti di ọmọlángidi.

Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí a ṣe rí i. Irun rẹ̀ dúró ṣánṣán bíi ti tẹ́lẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ yọ bí ó ṣe máa ń yọ. Aṣọ dúdú náà wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n rán an mọ́ ọn níwọ̀n. Ojú náà korò síbẹ̀, àmọ́ aṣọ àti òwú ni. Kò ga ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ. Ó wá ń fi ohùn Boreanaz gan-an, ohùn tó ti fi ń halẹ̀ mọ́ àwọn abàmì láti ọdún márùn-ún wá, ṣàlàyé fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fiyè sí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ń kú lọ.

Ibí ni ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́kọ́ tú. Kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan dápàárá. Ohun tó pa wọ́n ni pé Angel kò yí padà. Boreanaz kò fi ohùn ṣeré, kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀gá ni, ó ń pàṣẹ, orí rẹ̀ kò sì ju etí tábìlì lọ. Àwọn tó kọ ọ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá jẹ́ kí ọmọlángidi náà mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Spike dé. Fáńpáyà bíi tirẹ̀ ni Spike, James Marsters ló ṣe é, ó sì ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí àwọn méjèèjì ti ń bára wọn ṣe orogún. Spike wọlé, ó rí i, ó wò ó títí, ó fi ẹ̀rín bú sẹ́kún, ó ń pariwo pé ọkùnrin yìí ti di ọmọlángidi kékeré. Angel fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ìjà náà gbé wọn dé inú lífítì, ẹni tí apá ẹnikẹ́ni ò ká sì ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ aṣọ. Mo rántí pé a ò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, ẹ̀rín tiwa ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi dá kásẹ́ẹ̀tì padà lọ́jọ́ kejì la tó gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ti Nina. Ọmọbìnrin kan ni, Jenny Mollen ló ṣe é, tó máa ń di ìkookò ní alẹ́ mẹ́ta lóṣooṣù nígbà tí òṣùpá bá kún. Ilé iṣẹ́ Angel ló máa ń wá sùn sí láwọn alẹ́ yẹn, nínú yàrá tí wọ́n fi irin dí, kó má bàa pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí Angel. Angel kò rí i títí Wesley, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi sọ fún un. Bí ó ṣe wá di ọmọlángidi, ìtìjú mú un, ó ń sá fún ọmọbìnrin náà. Nígbà tó yá, ó lọ bá a níwájú irin, ó sì jẹ́wọ́: aṣọ ni òun, imú òun sì ń yọ kúrò lójú. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó fi igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pa ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ìgbà tí kò sí ẹran ara lára rẹ̀ mọ́ ló tó lè sọ fún obìnrin kan pé ojú ń ti òun. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ níbẹ̀. Àfi bí Nina ṣe di ìkookò lójijì tó sì gbá a mú, òwú ń fò káàkiri. Angel wọ́ ara rẹ̀ jáde, inú rẹ̀ ń tú sílẹ̀ bíi ti ìrọ̀rí tí ajá ya, Lorne, òun náà ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀, sì figbe ta pé ṣé kò sí Geppetto kankan nínú ilé ni, ìyẹn gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ Pinocchio. Ẹkún tó fẹ́ jáde lójú wa yí padà di ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ń jẹ́ Gregor Framkin ló dá ètò ọmọdé náà sílẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ó ti bá àwọn ẹ̀mí àìmọ́ dá májẹ̀mú kí ètò rẹ̀ lè gbayì, wọ́n sì ti jẹ gàba lé e lórí. Ihò ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Polo á ti ọwọ́ bọ ihò náà, á máa darí rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń darí ọmọlángidi. David Fury ni wọ́n fi ṣe Framkin. Òǹkọ̀wé ni, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ń ṣe Angel gan-an. Fury yìí kan náà ló ṣàlàyé lẹ́yìn náà bí ọ̀rọ̀ ìfòpinsí eré náà ṣe lọ: Whedon lọ bẹ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà pé kí wọ́n tètè sọ bóyá sáà kẹfà máa wà, kí àwọn òṣìṣẹ́ òun lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà, kò sì pẹ́ tí èsì fi dé pé kò ní sí. Èyí ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tó ń wo eré náà ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni apá ọgọ́rùn-ún jáde, wọ́n sì ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ìròyìn burúkú dé.

Nítorí náà, nígbà tí fóònù ilé ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún lálẹ́ yẹn, ohùn méjì ló ń wá. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Dallas kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù, nígbà tó sì máa sọ̀rọ̀ ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irú eré yìí ni wọ́n fẹ́ pa?" Ohun tó ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn. Ẹ̀rín náà ń mú ìbínú wọn le sí i. Bí apá tó kù bá ti dìdàkudà ni, èèyàn ì bá ní ó ti tó àsìkò. Eré tó ṣì lè sọ akọni rẹ̀ di òwú kí gbogbo ayé tún fẹ́ràn rẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, àárẹ̀ kò tíì mú un.

Àwọn Yorùbá ní bí ọ̀ràn bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rò pé mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Orí kápẹ́ẹ̀tì Houston ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Inú gbogbo èèyàn kọ́ ló dùn. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ràn Angel bí wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, bínú gidigidi. Ó ní apá mẹ́sàn-án péré ló kù fún wa láyé, wọ́n sì mú ọ̀kan nínú rẹ̀ fi ṣe ọmọlángidi. Ó ní àbùkù ni fún òun, bí ìgbà tí òkú wà nílẹ̀ tí ẹnì kan wá ń tàkìtì. Mi ò fojú kéré ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Àmọ́ kò rí i bó ṣe rí. Wọ́n ti ya apá náà tán kí ìròyìn ìfòpinsí tó jáde. Kò sẹ́ni tó jókòó pé kí àwọn fi ẹ̀rín bo ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, bó ṣe bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ di ohun tó dà.

Màmá wa náà ní tiwọn. Wọ́n pè láti ilé lópin ọ̀sẹ̀, a sì ń ròyìn eré náà fún wọn. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ère tó ń mira, tó ń lanu, wọ́n kọ́kọ́ bi wá bóyá irú èyí tí wọ́n máa ń fi okùn fà lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. A ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ti àwọn ọmọ tó ṣubú, wọ́n ní, "Ohun tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ jókòó tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín?" Ẹ̀gbọ́n mi dá wọn lóhùn pé, "Ẹ má bínú, Màmá. Kì í ṣe àwọn ọmọ là ń rín." Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun ló jẹ́ kí n rí i pé apá náà kò fi àwọn ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rín tó gan mọ́ wọn lẹ́nu bani lẹ́rù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tó dápàárá nítòsí ibùsùn wọn. Àwọn ọmọlángidi tó ń jẹ wọ́n ni ẹ̀rín wà fún, pàápàá ajá tó ń jẹ́ Groofus, tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ ibi náà dí òun lọ́wọ́ orin, tó ṣì ń ṣaápọn lórí orin tó máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìyàtọ̀ láàárín oríṣi àfiwé méjì.

Nígbà tí ìjà wá dé, ó le. Angel àti àwọn èèyàn rẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń ya ètò náà, ojú fáńpáyà sì yọ lára aṣọ rẹ̀, eyín ṣóńṣó, iwájú orí ká kò, ọmọlángidi ń bá ọmọlángidi jà. Wọ́n fọ́ ẹyin náà. Àwọn ọmọ jí. Wọ́n ní Angel á padà sí ara èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ kò dúró de ọjọ́ náà: ó bá Nina jáde lọ jẹun àárọ̀ bí ó ṣe wà, aṣọ àti òwú.

Lópin rẹ̀, Fred fi ẹnu ko Wesley lẹ́nu. Láti bí ọdún méjì la ti ń retí rẹ̀. Jálẹ̀ apá náà ni Fred ti ń fi ọ̀rọ̀ hàn án tí Wesley, tí Alexis Denisof ṣe, kò gbọ́ ọ yé, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ń bá tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀: "Ọ̀gbẹ́ni yìí, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni?" Nígbà tó ṣẹlẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n yọ kásẹ́ẹ̀tì nínú fídíò, wọ́n fi ṣíbí ìjẹun ṣẹ́ ike kékeré tó wà létí rẹ̀, kó má sí ẹni tó máa lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Kásẹ́ẹ̀tì mìíràn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ayọ̀ náà gùn mọ.

Lọ́jọ́ 25 oṣù kejì, apá kẹẹ̀ẹ́dógún jáde. A Hole in the World ni wọ́n pè é, Whedon ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Wọ́n gbé pósí òkúta àtayébáyé kan wá sí yàrá ìwádìí Fred. Ó sún mọ́ ọn, nǹkan fẹ́ jáde nínú rẹ̀ sí i lójú. Ẹ̀mí ọba àwọn ànjọ̀nú ayé àtijọ́ tó ń jẹ́ Illyria ló wà níbẹ̀, ó sì ń jẹ Fred láti inú. Kí apá náà tó parí, Fred ti kú sọ́wọ́ Wesley, Illyria sì ti gbé ara rẹ̀ wọ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Fóònù kò dún. Ọjọ́ kejì ni ọ̀rẹ́ Dallas pè, ohùn rẹ̀ ti há, ó sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì ọmọlángidi padà síbi tí Gunn wà lọ́dọ̀ dókítà.

A lọ wò ó. Gunn, tí J. August Richards ṣe, ni lọ́yà wọn. Ọmọ àdúgbò tálákà tó ń fi igi ṣóńṣó pa fáńpáyà ni tẹ́lẹ̀; Wolfram & Hart ló fi ìmọ̀ òfin sí i lórí, ó di ẹni iyì. Nínú Smile Time, ìmọ̀ náà ti ń yọ́ kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun máa padà di ẹni tí wọn kì í bi léèrè ọ̀rọ̀. Ó tọ dókítà lọ. Dókítà náà ní òun á dá ìmọ̀ rẹ̀ padà, kìkì pé ẹrù àtijọ́ kan há sọ́wọ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù, kí Gunn buwọ́ lùwé kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Gunn ro ó díẹ̀. Ó buwọ́ lù ú.

Pósí yẹn ni.

A ti rí i ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pẹ̀lú ojú ara wa. Nítorí pé à ń dúró de ọmọlángidi kó tún jáde, a ò fiyè sí i. Ìmọ̀ òfin tí Gunn fi ìbuwọ́lùwé yẹn rà ló fi wá sọ fún àwọn yòókù nípa májẹ̀mú tí Framkin dá. Ìyẹn ni pé ara ohun tí wọ́n fi gba àwọn ọmọ yẹn là ni ẹ̀mí Fred. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bọ́tìnnì ìdádúró níbi tí báírò ti kan ìwé, wọ́n tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wo èsì àyẹ̀wò aláìsàn.

Bó ṣe yí èrò àwọn olólùfẹ́ eré náà padà nìyẹn, òun náà sì ni mo fi ń bá àwọn tó ń pè é ní eré ọmọdé jiyàn. Wọ́n kò lo ẹ̀rín náà láti fi sá fún ìtàn. Inú ẹ̀rín ni wọ́n pa ikú mọ́ sí. Àwọn kan sọ pé ìwà ìkà ni, pé kò yẹ kí wọ́n jẹ́ ká gbádùn tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba Fred lọ́wọ́ wa. Èmi rí i lọ́nà mìíràn. Bí wọ́n bá fún wa ní ìbànújẹ́ nìkan láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, ọkàn wa ì bá ti kú kí Fred tó kú. Àtẹ́wọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pa nígbà ìfẹnukonu yẹn ni ikú náà fi dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Ìjà láti gba eré náà là ń lọ ní gbogbo ìgbà yìí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà, wọ́n dáwó ra ojú ìwé ìpolówó nínú àwọn ìwé ìròyìn ilé iṣẹ́ fíìmù, wọ́n lọ bẹ UPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn tó ti gba eré Buffy the Vampire Slayer lọ́wọ́ The WB tẹ́lẹ̀, pé kó gba Angel náà. Ẹ̀gbọ́n mi fi lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Kò bọ́ sí i. Ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2004 ni apá àádọ́fà, tó jẹ́ ìkẹyìn, jáde: òjò ń rọ̀ nínú ọ̀nà tóóró kan, ogun àwọn ẹ̀mí àìmọ́ ń bọ̀, Angel àti àwọn díẹ̀ tó kù sì gbé idà sókè.

Ọmọlángidi náà kò kú ní tirẹ̀. Iléeṣẹ́ Diamond Select ṣe irú rẹ̀ tà, pẹ̀lú irun ṣánṣán àti aṣọ dúdú. Lọ́dún 2007, IDW gbé ìwé àwòrán jáde nínú èyí tí wọ́n ti sọ Spike náà di ọmọlángidi, inú àwọn tó rántí ẹ̀rín tó fi Angel rín sì dùn gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n sọ Smile Time fúnra rẹ̀ di ìwé àwòrán. Bí àwọn olólùfẹ́ Angel bá sì jókòó láti ka àwọn apá tó dára jù lọ nínú àádọ́fà náà, Smile Time kì í gbẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ra àwo DVD gbogbo sáà márààrún láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí fídíò nílé wọn mọ́ àfi èyí tó ti bàjẹ́ nínú gáréèjì tí wọn ò jẹ́ kí a dà nù. Nígbà tí mo lọ kí wọn lọ́dún tó kọjá, mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpótí ìwé wọn, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà àti ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ wọn. Báírò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ ó ṣeé kà: 18 oṣù kejì. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ nígbà tó wà lórí DVD. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ike rẹ̀.

"Lórí DVD, bó bá ti parí, èyí tó tẹ̀ lé e á bẹ̀rẹ̀," wọ́n ní. "Lórí eléyìí, Fred ṣì wà."